Ewé Tó Sọ Ara Rẹ̀ Dòfo

Ewúrẹ́ Ṣẹ̀fíátù ló kọ́kọ́ kú.

Abo ewúrẹ́ dúdú kan ni, olóríkunkun, tó máa ń já okùn lọ jẹ aṣọ táwọn aládùúgbò bá sá sórí ọgbà. Lọ́jọ́ kejì Ọjọ́rú Eérú tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, ó já okùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó lọ bá èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó jọ sẹ́yìn abà gàrí, ó jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti na gbalaja, ikùn rẹ̀ wú, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù káwọ́ lérí. Ó ní májèlé ni wọ́n fún un jẹ nítorí aṣọ tó bà jẹ́ lóṣù tó kọjá, ó sì bú ilé mẹ́ta tó yí i ká láì fo ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó wo èèpo ẹ̀gẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Alàgbà Ayọ̀rìndé ló ni ẹ̀gẹ́ náà. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Adó-Èkìtì mọ Alàgbà. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà, mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ló sì fi ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà ò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀: bó o bá kí i ní ìkíkúkìí lójú ọ̀nà, á pè ọ́ padà kó o tún un kí. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nínú oṣù Lẹ́ńtì. Láti ìgbà yẹn ló ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé bí Lẹ́ńtì bá ti wọlé, òun ò ní í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, kódà òun ò ní í jẹ ẹ̀pà. Gàrí rírẹ àti iyọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, nígbà tí oòrùn bá wọ̀.

Dásọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń bá a gbé nílé wọn lẹ́yìn àdúgbò Adébáyọ̀, ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin kì í gbààwẹ̀ báyìí. Ìdáhùn kan náà ni Alàgbà máa ń fún un: "Ṣó ti pa mí rí?" Òótọ́ ni, kò tí ì pa á rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún márùn-ún tó ṣáájú, gàrí Ọjà Ọba ló ń rà mu. Ọdún yìí ló kọ́kọ́ mu ti oko ara rẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù, ọmọ Ìwó tó ti ń yan gàrí ní Adó láti ogún ọdún, ló bá a ṣe é. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni Alàgbà gbìn sójú ọ̀nà Ìlawẹ̀, irú tí ọ̀yà kì í fẹ́ tọ́ wò lóko. Ṣẹ̀fíátù bù ú sẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán, ó tu ú dànù.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ mẹ́rin nínú àpò. Ẹ̀gẹ́ yìí ń ta lẹ́nu, wàláhì."

"Yóò kan," ni Alàgbà wí. "Unú mi kì í sì gba gàrí kíkan, á máa rún mi ni. Ẹ fi jáàkì fún un lónìí, kẹ́ ẹ yan án lọ́la."

Ta ni Ṣẹ̀fíátù tó máa bá tíṣà jiyàn? Ó fún un, ó yan án. Gàrí náà funfun, ó dára lójú, àpò kan gbáko.

Ẹ má tí ì máa bá Alàgbà wí o. Bó ṣe ní kí wọ́n yan gàrí yẹn ní kánmọ́kánmọ́ burú, ṣùgbọ́n èwo nínú ẹ̀gẹ́ oko ló hú? Ìyẹn ló burú jù, ẹnu Dásọ́lá sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Dásọ́lá ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, lórí ohun tí ọ̀dá máa ń ṣe sí purotéènì inú ewé ẹ̀gẹ́. Oko bàbá rẹ̀ ló fi ń ṣe ìwádìí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á gun ọ̀kadà lọ sójú ọ̀nà Ìlawẹ̀ pẹ̀lú kúlà kékeré tó kún fún yìnyín, á já ewé ìsàlẹ̀, á já ti àárín, á já ti òkè, á kó wọn lọ sí láàbù. Níbẹ̀, á gún un kúnná, á sẹ́ omi rẹ̀, á kán oògùn kan sí i. Bí purotéènì bá pọ̀ nínú ewé, omi náà á di búlúù bí aró. Bí kò bá pọ̀, á ṣì bí omi tí wọ́n fi ṣan kọ́ọ̀pù.

Lóṣù kìíní tí ọyẹ́ ń jà, bàbá rẹ̀ bá a dé oko. Ọ̀dá ti mú ilẹ̀ là. Ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n, òmíràn ti já bọ́, àwọn igi kan sì wà tí kò ní ju ọ̀mùnú mẹ́ta péré lókè.

"Àrùn ni, àbí kí ló ń ṣe wọ́n?" ni Alàgbà bi í.

"Kì í ṣàrùn, Bàmi. Purotéènì ló pọ̀ jù nínú ewé. Òun ló ń gba oòrùn fi ṣe oúnjẹ fún igi. Bí òjò bá wá dá, igi á mọ̀ pé òun ò lè bọ́ gbogbo ewé òun mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó wà nísàlẹ̀. Á tú purotéènì inú wọn palẹ̀ wẹ́wẹ́, á kó o gba inú ọ̀pá lọ síbi tó ti máa wúlò, sínú ọ̀mùnú àti sínú gbòǹgbò. Nígbà tí ewé bá fi máa já bọ́, ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú ẹ̀ tán ni."

Alàgbà ṣí fìlà rẹ̀. Ó wo àwọn igi olọ́mùnú mẹ́ta mẹ́ta yẹn fún ìgbà pípẹ́.

"Ká sọ pé ohun rere inú ewé ò ṣègbé?"

"Kò ṣègbé, Bàmi. Gbogbo ohun tó wà nínú ewé ló ti sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò, ohun rere ni gbogbo rẹ̀."

Ẹni tó ń kàwé gboyè kejì mọ̀ pé wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. "Púpọ̀ nínú rẹ̀" ni wọ́n máa ń wí, tàbí "gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ dé àkókò yìí". Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní, inú rẹ̀ dùn, ó sì jẹ́ kí ẹnu òun ṣáájú ohun tí òun mọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́rú Eérú, Alàgbà ló kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n wo ewé ẹ̀gẹ́, bó ṣe sọ ara rẹ̀ dòfo kí gbòǹgbò lè yè. Ó ní ọmọ òun tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì ló fi han òun, pé níbi tí ewé bá ti ṣófo jù, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti lọ́ràá jù. Ìjọ hó yèè. Dásọ́lá tó jókòó láàárín àwọn akọrin tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ti so àkísà pupa mọ́ gbogbo igi tó ṣófo jù lóko nígbà yẹn, òun ni wọ́n sì hú lọ́jọ́ náà. Ó tún ṣèlérí lórí pẹpẹ pé nínú irú ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni òun yóò ti ṣe àpò gàrí méjì fún Gálílì, ìyẹn ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí gbogbo ìjọ máa ń jáde lọ ṣeré, táwọn ọmọdé á máa rẹ gàrí mu lábẹ́ igi.

Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Alàgbà á bu gàrí rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, á da omi tútù sí i, á fi iyọ̀ sí i, á gbàdúrà, á mu ún. Nígbà tí ebi bá ti pa á láti àárọ̀, ó máa ń tó abọ́ méjì. Dásọ́lá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó ń ta díẹ̀ lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ ní kò síyà tó dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lẹ́yìn oúnjẹ, ojú sì ń ṣú u. Wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn ilé tó ti ń gùn láti ọgbọ̀n ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Dásọ́lá ṣàkíyèsí pé bàbá òun ò fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀ mọ́ bó bá ń rìn. Ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ ilẹ̀, bí ẹni tó ń yọ́ kọjá níwájú ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀rù bà á. Ó fi Róòbù ra ẹsẹ̀ rẹ̀, iṣan ibẹ̀ le bí okùn tí wọ́n fà.

"Bàmi, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Ọ̀sẹ̀ kan ló kù," ni Alàgbà wí. "Àgbà ló dé, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ kí n máa fò bí ẹran ni?"

Ní láàbù, omi inú ìgò Dásọ́lá ń ṣì sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Búlúù, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà bí omi lásán. Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Ìbítóyè, yìn ín pé iṣẹ́ náà mọ́. Ewé ń ṣófo gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣófo. Kò sẹ́ni tó tí ì béèrè pé kí ni gbòǹgbò wá ń gbà.

Lọ́jọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, Alàgbà rán Dásọ́lá sí abà gàrí pé kó wo ibi tí iṣẹ́ àpò méjì náà dé. Wọ́n ti yan án tán. Wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá ẹrù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣẹ̀fíátù jókòó sórí àpótí, kò yan nǹkan kan, ó kàn ń wo ilẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa."

"Dásọ́lá, wá jókòó." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Òbúkọ mi kú lánàá. Ẹ̀ẹ̀mejì rè é. Ọjọ́ tí mo bó ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ àkọ́kọ́, abo kú. Ọjọ́ tí mo bó èkejì, akọ kú. Láàárín méjèèjì, mo bó ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, wọ́n jẹ èèpo ẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ àwọn tí mo bú. Ẹ̀gẹ́ yẹn ni, ọmọ mi. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ẹ̀gẹ́."

Dásọ́lá ṣa gbòǹgbò méjì tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ó padà délé, ó bu gàrí díẹ̀ nínú àpò bàbá rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ṣẹ́ gbòǹgbò náà wẹ́wẹ́ sínú ìgò kan, ó bu gàrí sínú òmíràn pẹ̀lú omi. Ó so bébà yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú wọn, ó dé wọn pa. Bébà yẹn ló máa ń fi hàn bí oró inú ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì, bá ń tú jáde. Bí kò bá sí, yóò wà ní yẹ́lò. Ó fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere, gbogbo ọgbà yunifásítì dákẹ́ rọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Dásọ́lá, ó ṣílẹ̀kùn láàbù fúnra rẹ̀. Bébà tó wà nínú ìgò gbòǹgbò ti pupa rúsúrúsú bí bíríkì. Ó ti retí ìyẹn. Ohun tí kò retí ni pé ti gàrí náà á pupa tó bẹ́ẹ̀. Ó dúró síwájú ìgò méjèèjì, kò lè mọ èwo ni èwo àfi ìgbà tó ka ohun tó kọ sára wọn.

Ó pe Dókítà Ìbítóyè lórí fóònù.

"Ó yẹ kí n ti rán ọ létí," ni Dókítà wí lẹ́yìn tó gbọ́ tán. "Igi tó ń tú purotéènì ewé rẹ̀ ń kó náítírójìn inú rẹ̀ kiri. Ní ti ẹ̀gẹ́, inú oró yẹn náà ló máa ń tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ sí. Bí ọ̀dá bá sì ti mú un, oró á pọ̀ sí i nínú gbòǹgbò. Bí wọ́n bá fi sínú àpò fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó yan án, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Bàbá mi, sà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Kí ló ń fi jẹ ẹ́?"

"Omi àti iyọ̀. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Wọn ò jẹ ẹran, wọn ò jẹ ẹ̀wà."

Dásọ́lá gbọ́ tí Dókítà fa àga jókòó.

"Dásọ́lá," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

Dásọ́lá ò tí ì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kankan fún un. Ibẹ̀ ló ti fi ara ti tábìlì, tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé fún un. Ara ènìyàn ní ohun tó fi ń rọ oró ẹ̀gẹ́ lójú, inú purotéènì ló ti ń rí i, nínú ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Ẹni tí kò rí ìyẹn jẹ, oró á máa gbá jọ sí i lára. Ó ní àrùn kan wà tó máa ń bá àwọn tí ọ̀dá àti ebi mú jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láì ní nǹkan mìíràn fi tì í. Ẹsẹ̀ á máa wúwo díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ méjèèjì á le gan-an. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrìn jíjìn tàbí ìdúró pípẹ́. Ó ní kó má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fi gàrí yẹn kan ẹnu mọ́, kó fún un ní ẹyin, kó má jẹ́ kó ṣe wàhálà, kó sì gbé e lọ sọ́sibítù.

"Bó bá le tán, sà, ṣé ó máa ń padà?"

"Ka ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ," ni Dókítà wí.

Ó kà á lórí ọ̀kadà, bí wọ́n ti ń gba inú ìlú kọjá. Ó kà á tán.

Ìgbà tó délé, ó se ẹyin sílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó ti ìsìn wákàtí mẹ́ta dé. Alàgbà ń fọwọ́ ti ògiri wọlé. Dásọ́lá mú un jókòó, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ewúrẹ́, bébà, oró, ẹsẹ̀. Kò fi èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tirẹ̀ pa mọ́.

"Ùwọ lo sọ ọ́ fún mi," ni Alàgbà wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Dásọ́lá jù. "Mo sì dúró níwájú ùjọ Ọlọ́run, mo tún un sọ."

"Bàmi, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù nísinsìnyí. Mo ti se ẹyin sílẹ̀ nílé-ìdáná, ẹ jẹ ẹ́ ká tó lọ."

"Mi ò ní í mu gàrí yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ujọ́ méjì ló kù kí májẹ̀mú mi pé. Mi ò bà á jẹ́ láti ọdún mẹ́fà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò ní í bà á jẹ́ lónìí nítorí ẹyin. Ògì ni kó o pò fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún Bàbá Àlùfáà nípa àpò méjì yẹn, ó kéré tán."

"Rárá." Ojú tíṣà ló fi wò ó. "Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹnu mi ni yóò tú u. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa pín in sílẹ̀ de Gálílì lẹ́yìn ìsìn; kí wọ́n tó pín in, n ó ti sọ fún wọn. Bó o bá lọ sọ ọ́ lẹ́yìn mi, o ti sọ mí di òpùrọ́ lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní A B D."

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ń wí. Ẹ ní ẹ̀yin ì bá ti pe àwọn ọkùnrin mẹ́ta, kí wọ́n gbé e sínú mọ́tò, kó máa bínú lọ. Ó dùn ún sọ. Bàbá yín ńkọ́? Ẹ ti gbé e rí? Dásọ́lá sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbé ẹyin náà wá, ó tún gbé e padà. Ó da gbogbo gàrí tó kù nílé sínú ṣáláńgá. Lọ́jọ́ Sátidé, kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà ṣáá. Bí bàbá rẹ̀ bá ṣèèṣì fi ìka tẹ ilẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ náà á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, kò ní í dáwọ́ dúró títí wọ́n á fi gbé e kúrò nílẹ̀.

"Lọ́la," ni Alàgbà ń wí. "Bí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ mi tán lọ́la, ibi tó o bá ní ká lọ ni a ó lọ."

Lọ́jọ́ Àìkú Àjíǹde, kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Aṣọ funfun ni Alàgbà wọ̀. Dásọ́lá fẹ́ kó jókòó jálẹ̀ ìsìn, ṣùgbọ́n orin Àjíǹde kì í ṣe orin tí alàgbà ìjọ ń jókòó kọ. Ó dúró nígbà tí wọ́n dúró. Orin mẹ́rin ni wọ́n kọ, ẹsẹ méje méje. Dásọ́lá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ibi àwọn akọrin, ó sì ń ka ẹsẹ orin bí ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ wá bá a.

Lẹ́yìn ìwàásù, Bàbá Àlùfáà ní Alàgbà Ayọ̀rìndé ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ìjọ sọ. Alàgbà dìde. Ó ń di bẹ́ǹṣì mú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún, lápá òsì, títí ó fi dé iwájú. Kò tíì sí ìgbà kan tó máa sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ tí kò ní í kọ́kọ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ó di irin pẹpẹ mú, ó kúnlẹ̀. Ìjọ tẹrí ba pẹ̀lú rẹ̀.

Àdúrà náà pẹ́.

Àwọn kan gbójú sókè, wọ́n wò ó, wọ́n tún tẹrí ba. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn ìyá ìjọ mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́." Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́. Wọ́n ti mọ̀ pé ogójì ọjọ́ ni bàbá yìí fi jẹ gàrí lásán. Bí kò bá rí Ọlọ́run lónìí, ta ni yóò rí i? Ẹnì kan dá orin, gbogbo ìjọ gbè é. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Onídùùrù wá ohùn orin náà, ó rí i.

Dásọ́lá nìkan ló ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ lára irin yẹn. Ọwọ́ náà fún irin, ó fà, èjìká rẹ̀ gòkè díẹ̀, ó tún wálẹ̀. Ó tún fà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ náà fún irin, kò sì fà mọ́.

Ó jáde láàárín àwọn akọrin. Kò sáré. Ó rìn lọ síwájú láàárín orin àti àtẹ́wọ́, àwọn èèyàn sì ń yà fún un, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, ọmọ tó ń lọ gba ìbùkún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ojú Alàgbà là kedere, òógùn bò ó.

"Ẹsẹ̀ mi ti lọ," ló sọ sí i létí. "Láti orin kẹta ló ti ń le. Mo rò pé bí mo bá kúnlẹ̀, á rọ̀ mí lára."

Dásọ́lá ki ọwọ́ sí abíyá rẹ̀.

"Má gbé mi," ni Alàgbà wí. "Sọ ti gàrí yẹn fún wọn ná. Bó o bá gbé mi báyìí, ariwo á sọ, wọ́n á máa sáré kiri, ẹnì kan á sì lọ pín in. Sọ ọ́. Sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Ó gba màíkì. Orin rọlẹ̀, gbogbo ojú tàn sí i, nítorí wọ́n rò pé ìran ni bàbá rẹ̀ rí tó fi rán an. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gàrí tó wà ní yàrá ẹrù. Ó ní oró wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ni òun kọ́ bàbá òun ní ohun tí bàbá òun kọ́ wọn lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eérú, pé òun ò sì kọ́ ọ tán. Ó ní bàbá òun ò gbàdúrà láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọrin yìí, pé dídìde ni kò lè dìde. Ìyá tó kọ́kọ́ sọ pé Ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Ẹsẹ̀ méjèèjì le gan-an, wọ́n gbé ara wọn lé ara wọn bí ojú àlùmọ́gàjí, wọn ò ṣeé tú. Ẹ̀yìn mọ́tò Bàbá Àlùfáà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó gbé orí lé itan ọmọ rẹ̀. Àwọn kan ti ń gbẹ́ ihò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti sin àpò méjì náà.

"Ṣé wọ́n gbọ́ ọ dáadáa?"

"Wọ́n gbọ́, Bàmi."

"Ó dáa." Mọ́tò ti gba títì. Wọ́n ti kọjá Adébáyọ̀. "Ìwé tí ọ̀gá rẹ fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọjọ́ mélòó ló ní ẹsẹ̀ máa ń lò kó tó padà?"

Dásọ́lá mọ ohun tí ìwé náà wí. Ó wo ojú fèrèsé, ó wo ibi tí ọ̀kadà kan ti ń kọjá wọn lọ.

"Mi ò tí ì kà á débẹ̀, Bàmi."

Alàgbà gbójú sókè, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ojú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìgbà tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe iṣẹ́ ilé. Ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kò burú," ló wí. "Má kánjú kà á."